Ṣé owó EITC á ba ìwé ọkọ mi jẹ́? Ìdáhùn mi fún ìyá ọlọ́mọ méjì ní Maryland

Ìbéèrè àbúrò wa kan rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. CNA (olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì) ni mí nílé àwọn arúgbó kan lágbègbè Hyattsville níbí, mo ní green card, ọmọ méjì ló wà lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan ọmọ ọdún 10, ìkejì ọmọ ọdún 7. Mo ṣègbéyàwó ní kóòtù n'Íbàdàn ní December 2023, ọkọ mi ṣì wà níbẹ̀, a ti ń ṣe ìwé ẹ̀. W-2 mi (ìwé owó oṣù ọdún kan) ti 2025 jẹ́ $36,000. Láti January 2025 náà ni mo ti ń se jọ́lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín fún àwọn tó ń ṣe pátì, owó tó wọlé níbẹ̀ jẹ́ $16,400. Orí fóònù ni mo ti ń ṣe táàsì mi fúnra mi, single ni mo máa ń tẹ̀, mo sì máa ń fi EITC (owó táàsì tí wọ́n ń dá padà fún òṣìṣẹ́ tówó ẹ̀ kéré) sílẹ̀ torí wọ́n ní owó ìrànwọ́ ìjọba ni, pé tí mo bá gbà á wọn ò ní fún ọkọ mi ní vísà. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní òun mọ bọ̀dá kan tó máa bá mi gba $10,000, pé kí n ṣá má dárúkọ owó oúnjẹ, á sì bá mi fi ọmọ sísítà mi kún un. Màmá mi tí mò ń fi $200 ránṣẹ́ sí n'Íbàdàn lóṣooṣù ńkọ́, ṣé mo lè kọ orúkọ wọn? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, o ṣeun tó o kọ̀wé kó o tó lọ bá ẹnikẹ́ni. Bọ̀dá yẹn, jọ̀ọ́ má débẹ̀, màá sọ ìdí ẹ̀ tó bá yá. Ìbẹ̀rù ọ̀rọ̀ vísà yẹn ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló ti ń jẹ owó ẹ láti ọdún mélòó kan wá.

Ẹni tó sọ fún ẹ pé owó ìrànwọ́ ni EITC kò mọ̀ ọ́n. Inú òfin táàsì gan-an ló wà, láti 1975 ló ti wà níbẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò lè rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ohun tó fà á ni pé òṣìṣẹ́ tówó ẹ̀ kéré ń san owó Social Security láti orí dọ́là àkọ́kọ́ tó bá gbà, kò sí pé o tálákà tàbí o lọ́mọ, wọ́n á yọ ọ́ ni, ni wọ́n bá ní ká wá ọ̀nà tá a máa fi dá díẹ̀ padà fún wọn. Fún ẹni tó ní ọmọ méjì bíi tìẹ, ní táàsì 2025 tá a ń fáìlì báyìí, gbogbo dọ́là kan tó o bá fi òógùn ẹ gbà, wọ́n á fi 40 sẹ́ǹtì lé e, títí owó iṣẹ́ ẹ á fi dé $17,880, ibẹ̀ ni EITC ti máa pé $7,152, tí kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Tó bá ti kọjá $23,350, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan bíi 21 sẹ́ǹtì lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan, tó bá fi máa dé $57,310 ó ti tán pátápátá. So o rí i, kì í ṣe pé ẹnì kan ṣàánú ẹ. Ìṣirò ni, iṣẹ́ ẹ ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀.

Ní ti ìmígíréṣọ̀n, ohun tí wọ́n ń pè ní public charge, ìyẹn ẹni tí wọ́n rò pé ó máa di ẹrù sọ́rùn ìjọba, ló ń bà ẹ́ lẹ́rù. Òfin ẹ̀ tó jáde ní 2022 sọ irú owó tí wọ́n á máa wò nígbà náà, àwọn bíi SSI àti TANF, owó tí ìjọba ń kà sí èèyàn lọ́wọ́ kó lè rí jẹ, àti kí ìjọba máa sanwó ìtọ́jú èèyàn nínú ilé ìtọ́jú títí lọ. Táàsì kirẹ́díìtì ò sí lára wọn. Òfin ìmígíréṣọ̀n kì í dúró lójú kan, so bi lọ́yà tó ń bá yín ṣe ìwé kí ìntáfíù tó dé, ìyẹn pọn dandan. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó máa fún ọkọ ẹ ní vísà fẹ́ rí lọ́wọ́ ẹ gan-an ni fọ́ọ̀mù I-864, ìwé tó o máa fọwọ́ sí pé apá ẹ á ká a láti bọ́ ọ. Owó tó ń wọlé fún ẹ gbọ́dọ̀ tó 125% iye tí ìjọba fi ń díwọ̀n ìṣẹ́. Fún ilé ẹlẹ́ni mẹ́rin, ìwọ, ọmọ méjì, àti ọkọ ẹ, $40,187 ni nínú ìwé 2025, ó sì ń gòkè lọ́dọọdún. Ìwé táàsì ẹ lo máa fi tì í lẹ́yìn. Fi iye yẹn sọ́kàn, a ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ ẹ ti yẹ̀ gan-an ni single tó ò ń tẹ̀ yẹn. IRS, àjọ táàsì ìjọba àpapọ̀, ò bìkítà oṣù tó o ṣègbéyàwó, ipò tó o wà ní December 31 ni wọ́n ń wò. O ṣe tìẹ ní December 2023, tó túmọ̀ sí pé lójú táàsì, ìyàwó èèyàn ni ẹ́ fún 2023 lódindi. Àwọn kan máa ń rò pé torí Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é, Amẹ́ríkà ò mọ̀ sí i. Irọ́ ni o, ìgbéyàwó tó bá ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é, ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níbí náà. Wá wò ó báyìí: o kọ̀wé sí USCIS, àjọ ìmígíréṣọ̀n, pé o lọ́kọ, kí wọ́n jẹ́ kó wá bá ẹ, o tún kọ̀wé sí IRS pé o ò lọ́kọ, o fọwọ́ sí méjèèjì, ìwé méjèèjì á sì wá pàdé lórí tábìlì ẹnì kan náà lọ́jọ́ ìntáfíù. Èyí ló yẹ kó máa bà ẹ́ lẹ́rù, kì í ṣe EITC.

Ó dáa pé ọ̀nà wà níbẹ̀, ọ̀nà tó bófin mu. Tí ọkọ ò bá gbé inú ilé ẹ rárá ní oṣù mẹ́fà tó gbẹ̀yìn ọdún, tí ọmọ ẹ gbé lọ́dọ̀ ẹ ju ìdajì ọdún lọ, tó sì jẹ́ pé ìwọ lò ń gbé ohun tó ju ìdajì ìnáwó ilé náà, rẹ́ǹtì, iná, oúnjẹ, òfin táàsì á kà ẹ́ bí ẹni tí ò lọ́kọ nílé. Wàá lè fáìlì bíi head of household, olórí ilé. Ọkọ tìẹ ò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé yẹn rí, ìwọ lò ń san gbogbo ẹ̀, so o wọlé síbẹ̀ dáadáa. Èrè ẹ̀ sì pọ̀ ju single lọ: owó tí wọn ò ní fọwọ́ kàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò táàsì, $15,750 ni fún single ní 2025, $23,625 ni fún olórí ilé. Gbogbo ọdún tó o fi ń tẹ single yẹn, o ń fi owó ara ẹ sílẹ̀ fún wọn lọ ni.

Ẹnì kan á sì tún sọ fún ẹ pé ẹ jọ fáìlì pọ̀, ìwọ àti ọkọ ẹ, pé ẹ lè gba ITIN, nọ́ńbà táàsì ẹni tí ò ní Social Security, fún un. Òótọ́ ni, ó ṣeé ṣe. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá jọ fáìlì, EITC ti lọ nìyẹn, torí àwọn méjèèjì tó wà lórí ìwé náà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà Social Security tó gbà wọ́n láyè láti ṣiṣẹ́, ITIN ò wọ ibẹ̀. Owó tí ọkọ ẹ ń pa n'Íbàdàn náà á sì di ohun tẹ́ ẹ máa kọ sílẹ̀ fún IRS. Mo ti rí tọkọtaya tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ torí wọ́n rò pé ó máa gbé ìwé ìgbéyàwó wọn ró lọ́dọ̀ ìmígíréṣọ̀n, tí wọ́n sọ ohun tó ju $4,000 nù lọ́dún kan ṣoṣo. Ọdún tí ọkọ ẹ bá wọlé dé ni kẹ́ ẹ tún un wò. Tó bá dé ní August, bí àpẹẹrẹ, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ, o ò lè fi ipò olórí ilé gba EITC mọ́ lọ́dún yẹn, ẹ jọ máa fáìlì ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á, òun náà á sì ti ní Social Security tiẹ̀ nígbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ wá kù. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ò tíì pé ọdún 17 ní December 31, tó ní Social Security, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ, $2,200 ni child tax credit ẹ̀ fún 2025, ọdún tó ṣáájú $2,000 ni. Lára $2,200 yẹn, tí táàsì ẹ bá kéré débi pé kò jẹ ẹ́ tán, wọ́n lè kó tó $1,700 lé ẹ lọ́wọ́ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Láti 2025 náà, òbí tó ń gbà á gbọ́dọ̀ ní Social Security, kì í ṣe ọmọ nìkan mọ́, èyí sì ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń fi ITIN fáìlì bí ẹni pé wọ́n já ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ọmọ sísítà ẹ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. O ò lè fi í kún un, ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Fún EITC, ọmọ gbọ́dọ̀ sùn kó jí lábẹ́ òrùlé ẹ ju ìdajì ọdún lọ, nínú Amẹ́ríkà níbí. Tí IRS bá bi ẹ́, wọn ò ní gba ẹnu ẹ gbọ́, lẹ́tà ilé ìwé tó ní àdírẹ́ẹ̀sì ẹ lára ni wọ́n máa béèrè, tàbí ti dókítà ọmọ, tàbí ti lándílọ́ọ̀dù. Tìtorí èyí náà ni mo fi máa ń sọ fún àwọn tó bímọ síbí tí wọ́n wá fi ọmọ ránṣẹ́ sí màmá àgbà nílé pé kó lọ gbọ́ Yorùbá, ohun tó dáa ni, mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n tí ọmọ bá lo January sí September n'Íjẹ̀bú-Òde, ẹ má kàn tẹ yes nígbà tí wọ́n bá béèrè pé ṣé ó gbé lọ́dọ̀ yín. Ẹ lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Màmá ẹ. Mo mọ̀ pé èyí ń dun ọ̀pọ̀ wa, torí kò sí ẹnì kan nínú wa tí kì í fowó ránṣẹ́ sílé, ẹlòmíì ń bọ́ èèyàn mẹ́fà láti ibí. Ṣùgbọ́n òfin sọ pé ẹni tó o máa kọ pé ò ń bọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tàbí ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà lójú táàsì, tàbí kó jẹ́ ará Kánádà tàbí Mẹ́síkò. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. $2,400 tí màmá gbà lọ́dọ̀ ẹ lọ́dún, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò ẹ̀ fún ẹ, IRS ò ní dá a padà. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá, tí wọ́n ní green card, tó sì jẹ́ pé ìwọ lò ń gbé bùkátà wọn, wàá lè gba $500 lórí wọn.

Jọ́lọ́ọ̀fù wá kàn, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ sí jù.

$16,400 tó wọlé yẹn kọ́ ni èrè ẹ. Iye tó kù lẹ́yìn tó o bá yọ ìnáwó ẹ ni IRS ń wò, Schedule C ni fọ́ọ̀mù ẹ̀. Ràìsì, òróró, tòmátì, tàtàṣé, rodo, adìẹ, ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, ewé, ká ní gbogbo ẹ̀ jẹ́ $5,200. Abọ́ fọ́ìlì ńláńlá yẹn, kúlà, ṣíbí, nọ́lọ́ọ̀nù, $900. Owó láìsẹ́ǹsì, owó ẹni tó ń bá ẹ gbé oúnjẹ, $1,200. Ohun tí gbogbo àwọn olóúnjẹ wa máa ń gbàgbé ni mọ́tò: 70 sẹ́ǹtì ni IRS gbà fún máìlì kan ní 2025, tó o bá fi 3,000 máìlì gbé oúnjẹ kiri láàárín Bowie, Lanham, Baltimore àti ibi tó o ti ń ra ọjà, $2,100 nìyẹn. Àròpọ̀ $9,400. Èrè ẹ di $7,000. Ràìsì tó o bù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ jẹ kì í ṣe ìnáwó bíṣínẹ́ẹ̀sì o, yọ ọ́ kúrò.

Ríṣíìtì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lórí. Oníbàárà mi kan gbé nọ́lọ́ọ̀nù dúdú kan wá bá mi lọ́dún kan, ó kún fún ríṣíìtì, ó sì ti tò wọ́n lóṣooṣù, ó fi rọ́bà dè wọ́n. Ìgbà tá a tú ti January sí April, bébà funfun la bá níbẹ̀. Inú búùtù mọ́tò ló kó wọn sí nígbà ooru, tádàwá ẹ̀ ti ṣí lọ pátápátá, o ò lè ka orúkọ ṣọ́ọ̀bù, o ò lè ka iye. Ó jókòó síwájú mi, ó ń gbé wọn síbi iná bóyá nǹkan á hàn, nǹkan kan ò hàn. Sítétímẹ́ǹtì báǹkì la fi wá díẹ̀ padà nínú ẹ̀. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń bẹ àwọn èèyàn, bó o bá ti gba ríṣíìtì, ya fọ́tò ẹ̀ kó o tó kúrò níbi káúńtà.

Ohun kejì ni Zelle, ọ̀nà tá à ń fi owó ránṣẹ́ síra wa lórí fóònù. Mo mọ̀ wá, àkáǹtì kan náà ni owó iṣẹ́ ń wọ̀, òun náà lowó oúnjẹ ń wọ̀, àwọn obìnrin mẹ́wàá ń fi $500 àjọ síbẹ̀ lóṣù torí ìwọ lò ń kó o jọ, àwọn tó ń ra aṣọ ẹbí lọ́wọ́ ẹ náà ń fi tiwọn síbẹ̀. Owó àjọ kì í ṣe owó tó o pa, ti aṣọ ẹbí tó ò ń san lọ fún oníṣọ́ọ̀bù láìfi èrè lé e náà kì í ṣe owó ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wo àkáǹtì ẹ ní ọ́fíìsì IRS kò mọ ohun tó ń jẹ́ àjọ, gbogbo ẹ̀ á dà bí owó ọjà lójú ẹ̀, $5,000 tó wọlé lọ́sẹ̀ kan láti ọwọ́ obìnrin mẹ́wàá! Ṣí àkáǹtì míì fún oúnjẹ, ọ̀fẹ́ ni ní ọ̀pọ̀ báǹkì. Ra ìwé kékeré kan, kọ àjọ sínú ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti oṣù ẹni tó kó o. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé torí wọn ò fi fọ́ọ̀mù 1099, ìwé tó ń sọ owó tó wọlé fún ẹ, ránṣẹ́ sí ẹ, owó náà ò sí. Fọ́ọ̀mù lè má wá, owó tó o pa ṣì ni.

Ó yá, ká ṣírò ẹ̀. Mi ò ní tàn ẹ́. $36,000 ti W-2 àti $7,000 èrè oúnjẹ, $43,000. Lórí èrè oúnjẹ, wàá san owó Social Security àti Medicare tìẹ, torí o ò ní ọ̀gá tó máa bá ẹ san ìdajì, ìyẹn $989. Wọ́n á yọ ìdajì ẹ̀ lórí owó ẹ, yóò ku $42,505. Yọ $23,625 ti olórí ilé, tún yọ 20% tí òfin gbà kí oníṣẹ́ kékeré yọ lórí èrè ẹ̀, nǹkan bíi $1,301 nìyẹn, táàsì tó máa kù á tó $1,769. Àpapọ̀ ohun tó o jẹ ìjọba $2,758. Ohun tí wọ́n jẹ ìwọ: $4,400 lórí ọmọ méjì, EITC nǹkan bíi $3,118, $7,518 lápapọ̀. Iyọkúrò wọn á fún ẹ ní nǹkan bíi $4,760, àti gbogbo owó táàsì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ti yọ lórí owó oṣù ẹ jálẹ̀ ọdún, gbogbo ẹ̀ ń padà bọ̀. Maryland náà á wá fi tiwọn lé e. Wọ́n ní EITC tiwọn, 45% ti ìjọba àpapọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi gé táàsì Maryland tó o jẹ, èyí tó bá ṣẹ́kù á di tìẹ.

Tó o bá wá fi owó oúnjẹ pa mọ́, bí bọ̀dá yẹn ṣe wí, EITC á gòkè dé nǹkan bíi $4,488, o ò ní san $989 yẹn, táàsì náà á dín kù. Mo ṣírò ẹ̀, nǹkan bíi $2,890 ni wàá fi jù báyìí lọ. Kì í ṣe owó kékeré, mo mọ̀, rẹ́ǹtì oṣù kan ni fún ẹlòmíì pẹ̀lú ṣéńjì. Ìdí tó fi ń rọrùn fún wọn láti fi fa èèyàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n padà sórí $40,187 tí mo ní kó o fi sọ́kàn. $36,000 nìkan ò dé ibẹ̀. $43,000 kọjá ẹ̀. Owó jọ́lọ́ọ̀fù tí wọ́n ní kó o bò mọ́lẹ̀ yẹn ló máa jẹ́ kó o lè dá fọwọ́ sí I-864 ọkọ ẹ fúnra ẹ. Tó o bá bò ó, o di ẹni tó ń wá ẹlòmíì tó máa bá ẹ fọwọ́ sí I-864, o mọ bó ṣe nira tó láti rí ẹni tó máa gbà, torí gbèsè ni lọ́rùn onítọ̀hún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, irọ́ lórí ìwé tó o fọwọ́ sí ni, ọjọ́ tó o bá sì fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà, wọ́n á bi ẹ́ léèrè táàsì nínú N-400, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké méjì kí n tó kọjá. Tó o bá ṣe ófátáìmù ní 2025, apá tó lé lórí owó wákàtí, ìyẹn ìdajì tí wọ́n fi kún un, o lè yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba táàsì ìjọba àpapọ̀ lé lórí, títí dé $12,500. Ó lè má hàn lórí W-2, wo péésítọ́ọ̀bù ẹ tó gbẹ̀yìn December. Tó o bá sì ń sanwó fún ẹni tó ń bá ẹ mú àwọn ọmọ lẹ́yìn ilé ìwé kó o lè ráyè ṣiṣẹ́, kirẹ́díìtì wà fún ìyẹn náà, bí owó ẹ ṣe wà yìí 21% ohun tó o san ni, àmọ́ wọ́n á béèrè orúkọ àti nọ́ńbà Social Security ẹni náà. Áńtí tó bá ní òun ò fẹ́ kó o kọ nọ́ńbà òun síbẹ̀, ó máa nira fún ẹ láti gba nǹkan lórí ẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́.

Ti àtẹ̀yìnwá wá ńkọ́? 2022, 2023, 2024, o lè tún gbogbo ẹ̀ ṣe, fọ́ọ̀mù 1040-X ni, ọdún kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tiẹ̀. Oúnjẹ ò tíì sí nígbà yẹn, so W-2 nìkan ni, kò le. Ààlà owó EITC fún ọlọ́mọ méjì jẹ́ $49,399 ní 2022, $52,918 ní 2023, $55,768 ní 2024, ó dájú pé o wà lábẹ́ ẹ̀ tó bá jẹ́ pé bí owó ẹ ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀ nìyí. Ní 2022 o ò tíì lọ́kọ, single yẹn kì í ṣe irọ́, ó kàn fi owó ẹ ṣòfò ni. Ti 2023 àti 2024 ni àṣìṣe, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kó o tún wọn ṣe ká ní kò tiẹ̀ sí owó kankan níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ni òfin fún èèyàn láti béèrè owó tó ti gbàgbé, 2022 ló máa kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ, so rí i pé ìwé ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹ ṣáájú April 15, 2026. Òun ni kó o kọ́kọ́ ṣe, kódà kó o tó ṣe ti 2025. Ìwé àtúnṣe kì í yá bíi ti tààrà, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá ni wọ́n máa ń sọ, ó lè dé mẹ́rìndínlógún, má fi owó náà ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Wàyí o, bọ̀dá yẹn. Ọdún kejì tí mo dé Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan ni mo ti lọ ṣe táàsì, ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní ọ̀gá. Ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta péré, ó ní kí n lọ máa dúpẹ́. Owó wọlé lóòótọ́, ó sì mú tiẹ̀ níbẹ̀. Ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn náà ni lẹ́tà IRS dé pé kí n mú ìwé bíṣínẹ́ẹ̀sì ìgẹrun mi wá. Mi ò gẹ irun ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Mo ṣí ìwé tó fáìlì fún mi, mo bá a níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù bábà pẹ̀lú èrè ẹ̀, ó fi gbé EITC mi sókè. Níbi tó yẹ kó fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é, òfìfo, ó jẹ́ kó dà bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é fúnra mi. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ní kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo san gbogbo ẹ̀ padà, pẹ̀lú èlé, ó gbà mí ní ọdún méjì. Ìyẹn ló sọ mí di ẹni tó lọ kọ́ iṣẹ́ yìí.

So tí ẹni tó fẹ́ ṣe táàsì fún ẹ bá sọ iye tó o máa gbà kó tó rí W-2 ẹ, dìde. Tó bá ní ìdá kan nínú rìfọ́ọ̀ǹdì ẹ ni òun máa mú, tàbí kí owó gba inú àkáǹtì òun kọjá, dìde. Ẹni tó ń gbowó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní PTIN, nọ́ńbà tí IRS ń fún àwọn tó ń bá èèyàn ṣe táàsì, ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé náà, tó bá sì jẹ́ EITC, ó gbọ́dọ̀ bi ẹ́ ní ìbéèrè tó pọ̀ débi tó máa sú ẹ nípa ọmọ àti ilé, fọ́ọ̀mù wà tí òun náà ń fọwọ́ sí lórí ẹ̀, owó ìtanràn ni fún un tí kò bá ṣe é. Tó bá jẹ́ pé irọ́ ni ẹ fi gba EITC, tí wọ́n sì mú un, ìwọ ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn mọ́, ọdún méjì fún ẹni tó ṣe é láìbìkítà, ọdún mẹ́wàá fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀. Ọdún mẹ́wàá, ọmọ ẹ kékeré á ti pé 17 kó tó parí. Kò sì sí ẹni tó lè gba owó EITC jáde ṣáájú àárín February, òfin ló dì í mú, ẹni tó bá fún ẹ lówó ní January yá ẹ lówó ni, bi í pé èló ni èlé ẹ̀.

Tó ò bá fẹ́ náwó, wá VITA tó sún mọ́ ẹ, ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn tí IRS dán wò ni, wọ́n máa ń wà ní láíbírì àti ilé ìjọba, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gba bíṣínẹ́ẹ̀sì kékeré bíi tìẹ. Kó káàdì Social Security ẹ àti ti àwọn ọmọ dání, W-2, péésítọ́ọ̀bù December, lẹ́tà ilé ìwé wọn, ìwé oúnjẹ ẹ, ìwé máìlì ẹ, àti ìwé táàsì ọdún mẹ́ta tó kọjá. Sọ fún wọn lẹ́nu kan pé o lọ́kọ, pé Ìbàdàn ló wà, pé kò gbé lọ́dọ̀ ẹ rí. Má dúró kí wọ́n bi ẹ́. Tí IRS bá ti gba gbogbo ẹ̀ wọlé, lọ sórí wẹ́bùsáìtì wọn, gba tíráńsíkírípítì ọdún kọ̀ọ̀kan, ọ̀fẹ́ ni, kó o tẹ̀ ẹ́ jáde kó o fi sínú fáìlì kan náà tí I-130, ìwé tó o fi béèrè pé kí ọkọ ẹ wá, wà.